Gbohùngbohùn 4038, láti Ìlú Ọba

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni àwọn ẹnjiníà BBC ya àwòrán rẹ̀, ilé-iṣẹ́ STC ló kọ́kọ́ ń rọ ọ́, ilé-iṣẹ́ Coles ló sì ń ṣe é títí dòní. Ìrísí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Lẹ́yìn irin oníhò wẹ́wẹ́ tó bò ó ni ọ̀já alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín òòfà, ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á mì í, ìgbọ̀nrìrì yẹn á sì di iná mànàmáná bíńtín. Kò nílò bátìrì.

Àwọn kan á ní ohun tí atẹ́gùn lè fà ya kò yẹ ní pípè ní alálòpẹ́. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá fẹnu fẹ́ ẹ fùù láti dán an wò (ìwà burúkú gbáà!) lè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀já yẹn nìkan ló lọ. Oníṣẹ́ á tú u, á fi òmíràn rọ́pò, òòfà àti ilé irin rẹ̀ á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó rẹ̀ kò kéré lóòótọ́, àmọ́ gbohùngbohùn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa sínú ike, bí wáyà kan bá já nínú rẹ̀, ààtàn ló ń lọ.