Èrè Inú Owó Idẹ: Ọ̀ràn Ìlú Pẹ́gámù Lábẹ́ Ìjọba Róòmù

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni owó idẹ tí àwọn ìlú abẹ́ Róòmù ń rọ fúnra wọn. Àwòrán ara rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tẹnu mọ́: orí Késárì ní ojú kan, òrìṣà tàbí tẹ́ńpìlì ìlú ní ojú kejì, bí Asklepios ti Pẹ́gámù àti Átẹ́mísì ti Éfésù. Wọ́n ní ìyì ìlú ni ó ń fi hàn. A kò jiyàn èyí, ṣùgbọ́n ìyì nìkan kò tó láti mú kí ìlú tí ó lé ní 500 dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Denarius, owó fàdákà Róòmù, ni a ń ná káàkiri. Owó idẹ ìlú kan kì í sábà rìn jìnnà sí agbègbè rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni èrè sì wà. Ní Pẹ́gámù, ìlú gbé ẹ̀tọ́ yìí fún àwọn apààrọ̀-owó kan, àwọn náà sì ń san owó fún ìlú. Oníṣòwò tí ó bá fẹ́ fi idẹ ra denarius kan yóò kó assarion 18 sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mú denarius wá yóò gba 17 péré.

Lára òkúta gbígbẹ́ kan ní Pẹ́gámù ni a ti mọ èyí. Lẹ́tà Késárì ni ó wà níbẹ̀, tí a sábà máa ń kà sí ìgbà Hadrian (117–138). Àwọn oníṣòwò ti fi àwọn apààrọ̀-owó sùn pé wọ́n ń gba owó lé owó. Késárì dá díẹ̀ nínú àwọn àlékún náà dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó dáàbò bò: ó ní idẹ ni kí a máa fi ra ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń fi ìwọ̀n tà, bí ẹni náà tilẹ̀ rà á púpọ̀, kí èrè pàṣípààrọ̀ tí ń wọlé fún ìlú má baà dínkù. Bí àwọn kan bá pawọ́ pọ̀ ra ẹja ní iye fàdákà, tí wọ́n sì pín in, idẹ náà ni kí wọ́n san fún ẹlẹ́ja. Ẹlẹ́ja yìí ni yóò wá fi 18 wá fàdákà kiri. Lójú tiwa, òun gan-an ni ó ń ru ẹrù ìyì ìlú.

Ní Mylasa, láàárín ọdún 209 sí 211, ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin lòdì sí àwọn tí ń pààrọ̀ owó níkọ̀kọ̀. Nígbà tí ó ṣe, fàdákà inú owó Róòmù dínkù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di idẹ lásán, èrè pàṣípààrọ̀ sì gbẹ. Perge wà lára àwọn tí ó rọ owó gbẹ̀yìn ní Éṣíà Kékeré, ní ìgbà Késárì Tacitus (275–276).