Ẹnu Ènìyàn Ni Ọmọdé Ti Ń Kọ́ Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ọmọ tí kò tíì lè jókòó dáadáa ni a ń gbé fóònù sí níwájú, kí ó má baà sunkún, kí a lè rí ọbẹ̀ sè. Bí ó bá dákẹ́, a ó ní ọmọ náà gbọ́n.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ìyá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 3, wá sí ilé kéwú wa. Mo kí ọmọ náà, kò dáhùn. Mo pè é lórúkọ, kò wo ojú mi. Ìyá náà ní ó mọ orin inú fóònù, ṣùgbọ́n kò lè tọrọ omi. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀ ni ó jẹ́ pé fóònù ló fà á. Mo wá béèrè pé, “Màmá, ta ní ń bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́?” Ó ní, “Àfáà, fóònù ni.”

Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ oṣù 9 tí kì í gbọ́ èdè Ṣáínà nílé. Àwọn elédè náà jókòó ti apá kan nínú wọn, wọ́n ń kàwé fún wọn, wọ́n sì ń bá wọn ṣeré, nígbà 12. Inú tẹlifíṣàn ni apá kejì ti ń wo àwọn olùkọ́ kan náà. Àwọn tó rí ènìyàn lójúkojú dá ìró èdè náà mọ̀. Àwọn tó wo tẹlifíṣàn dà bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ètè mi ni àwọn ọmọ kéwú ń wò kí wọ́n tó lè pe lẹ́tà Lárúbáwá tó wà lára wàláà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 má wo fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá, wọn kò sì fọwọ́ sí i fún ọmọ ọdún 1. Fún ọmọ ọdún 2 sí 4, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, bí ó bá sì dín, ó sàn jù. Bí baba àgbà bá pè láti London, tí ojú rẹ̀ hàn nínú fóònù, lójú tèmi ìyẹn yàtọ̀, nítorí ó ń dá ọmọ lóhùn.

Dókítà ní etí ọmọ náà dára. Ìyá àgbà ti fi fóònù sínú àpótí, ó sì ń gbé e lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, níbi tí ó ti ń dárúkọ ata àti àlùbọ́sà fún un. Ní Jímọ̀ tó kọjá ó ní ọmọ náà ti ń sọ pé “omi.” Kò tíì kí èmi.