Ṣé o mọ̀? Olú tó ń jẹ epo rọ̀bì

Olú kan wà tí wọ́n máa ń lọ iṣu rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀gúsí ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà; Pleurotus tuber-regium ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orí igi tó ti kú ló ń hù sí. Ẹ́ńsáìmù tó fi ń jẹ igi, bíi laccase, kò mọ igi nìkan: ó lè já epo rọ̀bì sí wẹ́wẹ́, ti àwọn olú tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ sì lè mú kí aró òyìnbó, irú èyí tí àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta ń dà nù, ṣá. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà tẹ ìwádìí jáde pé ẹ̀wà tí wọ́n gbìn sínú ilẹ̀ elépo tí olú yìí ti ṣiṣẹ́ lé lórí hù dáadáa.

Kí ló wá dé tí ilẹ̀ Ogoni, nítòsí Port Harcourt, ṣì kún fún epo? Ìbéèrè gidi ni. Ìròyìn UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ti ọdún 2011 sọ pé ní ibi 49, epo ti wọlẹ̀ tó mítà 5, ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ olú kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Nítorí náà, mo gbà pé iṣẹ́ òkè ilẹ̀ ni tirẹ̀, tàbí ti ilẹ̀ tí wọ́n wà síta tí wọ́n sì pò mọ́ eruku pákó. Yóò pẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eruku pákó kò wọ́n. Ẹ má kàn jẹ olú tó bá hù níbẹ̀ o: ó máa ń fa irin olóró sára.