Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: HỌ́Ọ̀BÙ KẸ̀KẸ́ ÀTI BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE NÍLÉ

Ẹ̀yin ọmọ, púpọ̀ nínú yín ni ó ti gun kẹ̀kẹ́ rí. Ní Agége, nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dá mọ́tò dúró ní Pẹ́ẹ̀nì Sínímà, ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ lè rọra gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì léwu púpọ̀. Ó lè ṣàdédé há, kí ó sì gbé ẹni tí ó gùn ún ṣánlẹ̀ níwájú mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé inú họ́ọ̀bù ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó mọ ohun tí họ́ọ̀bù jẹ́, ohun tí ó ń bà á jẹ́, àti bí a ṣe lè tún un ṣe nílé.

Kí ni họ́ọ̀bù?

Ẹ wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dáadáa. Rímù ni irin roboto tí táyà wà lórí rẹ̀. Sípóòkù ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti ara rímù wá sí àárín. Ibi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé ni à ń pè ní họ́ọ̀bù. Bí ìdodo ṣe wà láàárín ikùn ni họ́ọ̀bù wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́.

Ọ̀pá irin kan la àárín họ́ọ̀bù kọjá. Ọ̀pá yìí kì í yí, nítorí pé nọ́ọ̀tì ti dè é mọ́ fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́. Họ́ọ̀bù ni ó ń yí po lára rẹ̀. Bí irin bá ń ha irin lójoojúmọ́, méjèèjì yóò jẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi to bẹ́árìn sí àárín wọn. Bẹ́árìn jẹ́ irin roboto kéékèèkéé tí ó kéré ju ọmọ ayò lọ. Inú ibi kan tí ó rí bí ife ni wọ́n ń jókòó sí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì họ́ọ̀bù. Irin mìíràn tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí a ń pè ní kóònù, ni ó dé wọn mọ́ ibẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ púpọ̀, bẹ́árìn 10 ni ó máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan họ́ọ̀bù iwájú. Ti ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ 9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi ju ti iwájú lọ.

Ẹ lè dán iṣẹ́ bẹ́árìn wò. Ẹ fi ìwé tí ó wúwo lé orí tábìlì, kí ẹ sì tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ to pẹ́ńsù roboto mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tún tì í. Ẹ ó rí i pé ó rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí ó ń yí kì í ha ara bí ohun tí a ń wọ́.

Ní ọdún 1869, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Jules Suriray, tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìlú Paris, gba ìwé àṣẹ lórí lílo bẹ́árìn fún kẹ̀kẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, James Moore gun kẹ̀kẹ́ oníbẹ́árìn nínú ìdíje láti Paris sí Rouen, ó sì ṣe ipò kìn-ín-ní. Lónìí, bẹ́árìn wà nínú ẹ̀rọ tí ń yí ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà. Ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn pẹ̀lú, èyí tí ó ń gba Agége kọjá láti ọdún 1901, tí wọ́n sì ṣí ojú irin tuntun rẹ̀ ní ọdún 2021.

Kí ni ó ń ba họ́ọ̀bù jẹ́?

Ohun mẹ́rin ni. Èkíní ni omi. Ní àkókò òjò, bí gọ́tà bá kún bo títì, tí a sì gun kẹ̀kẹ́ gba inú omi náà, omi á wọ inú họ́ọ̀bù, á sì mú un dípẹtà. Èkejì ni iyanrìn àti eruku, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ̀kẹta ni gírísì tí ó ti gbẹ. Ẹ̀kẹrin ni kóònù tí a fún le jù tàbí tí a dẹ̀ jù.

Láti mọ̀ bóyá họ́ọ̀bù ti ń jẹ, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, kí ẹ di rímù mú, kí ẹ sì mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń dún kò-kò-kò, ó ti dẹ̀. Ẹ tún yí i, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ó bá ń ké kàrà-kàrà, ìyanrìn tàbí ìpẹtà ti wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí ó bá tètè ra gírísì díẹ̀ kò ní ra odidi họ́ọ̀bù.

Àwọn ohun èlò

Sípánà méjì tí ó bá nọ́ọ̀tì mu, sípánà pẹlẹbẹ kan fún kóònù, gírísì, kẹrosíìnì díẹ̀ nínú agolo, àkísà mímọ́, àti abọ́ kékeré méjì. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan wà lọ́dọ̀ yín.

Bí a ṣe ń tún họ́ọ̀bù iwájú ṣe

1. Ẹ dorí kẹ̀kẹ́ kodò. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì yọ ẹsẹ̀ iwájú.

2. Ẹ fi sípánà pẹlẹbẹ di kóònù ẹ̀gbẹ́ kan mú kí ó má baà yí. Ẹ fi sípánà kejì tú nọ́ọ̀tì tí ó tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ tú kóònù náà kúrò.

3. Ẹ rọra fa ọ̀pá náà jáde lórí abọ́, nítorí pé bẹ́árìn á máa já bọ́. Ẹ ka bẹ́árìn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó wọn sínú abọ́ tirẹ̀.

4. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi àkísà nù ún gbẹ. Ẹ má ṣe é nítòsí iná rárá, ẹ má sì fi bẹntiróòlù dípò kẹrosíìnì.

5. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Bẹ́árìn tí ó dára máa ń dán, kò sì ní ihò lára. Bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo ti ẹ̀gbẹ́ náà. Bí a bá fi tuntun kan ṣoṣo sáàárín àwọn tí ó ti jẹ, òun nìkan ni yóò ru ẹrù, nítorí pé ó tóbi jù wọ́n lọ. Bí ojú kóònù bá ti rí jágajàga, ẹ pààrọ̀ òun náà. Ẹ mú ògbólógbòó lọ sí ọjà fún àpẹẹrẹ, nítorí pé ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kì í dọ́gba.

6. Ẹ fi gírísì sínú ife họ́ọ̀bù, kí ẹ sì to bẹ́árìn lé e. Gírísì ni yóò mú wọn dúró.

7. Ẹ dá ọ̀pá padà. Ẹ fi ọwọ́ yí kóònù títí yóò fi kan bẹ́árìn, kí ẹ wá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ di kóònù mú, kí ẹ fún nọ́ọ̀tì tì í. Ẹsẹ̀ náà kò gbọdọ̀ mì, kò sì gbọdọ̀ há. Ẹ má kánjú níbí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú níí le koko.

8. Ẹ dá ẹsẹ̀ padà sínú fọ́ọ̀kì, kí ẹ fún nọ́ọ̀tì méjèèjì le, kí ẹ sì dán bíréèkì wò. Inú ọgbà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gùn ún, kì í ṣe ojú títì.

Ìgbà tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ họ́ọ̀bù

Bí ife inú họ́ọ̀bù bá ti jẹ, tàbí tí họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ bá sán, bẹ́árìn tuntun kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ ka sípóòkù kí ẹ tó lọ ra òmíràn, nítorí pé iye ihò họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ bá iye ihò rímù mu. Kẹ̀kẹ́ púpọ̀ ní 36. Àwọn kẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba àtijọ́ ní 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn. Gbogbo sípóòkù ni a ó tú, tí a ó sì tún tò kí rímù lè dúró gbọọrọ. Iṣẹ́ àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nìyẹn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà lọ sọ́dọ̀ wọn, nítorí pé irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń yọ irin eléyín tí ṣéènì ń gbà yí i. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń to bẹ́árìn sínú họ́ọ̀bù?
2. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí ó ń ba họ́ọ̀bù jẹ́.
3. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá fi bẹ́árìn tuntun kan ṣoṣo sáàárín àwọn tí ó ti jẹ?
4. Kí ni ìdí tí a fi ń ka sípóòkù kí a tó ra họ́ọ̀bù tuntun?
5. Ṣàlàyé bí òwe ìrókò ṣe bá ẹ̀kọ́ yìí mu.