Ìrìn-àjò sí Ilẹ̀ Olókè tí Ata-Ilẹ̀ ti Ń Wá

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó máa ń mu omi ata-ilẹ̀ gbígbóná nígbà tí òtútù bá mú yín. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹ nawọ́ sí ibi tí ata-ilẹ̀ ti ń wá, ọjà ni ẹ ó nawọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rí títí di oṣù kìíní ọdún 2025. Ìyá mi ń ta èlò ọbẹ̀ àti èlò àgbo ní ọjà Ìkìrun. Nígbà kan rí, ₦200 ni ó ń ta ìwọ̀n kékeré ata-ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí ó fi di ọdún 2024, ìwọ̀n kan náà ti di ₦1,000, àwọn oníbàárà sì ń bú u pé olójúkòkòrò ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún púpọ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni tí ń kó ọjà wá fún un láti Òkè Ọya sọ pé òun tún ń padà lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú mi dání, kí n lọ fi ojú ara mi rí ohun tí ó fà á. Ìyá mi kò kọ́kọ́ fẹ́, nítorí ìròyìn ìjà tí a ń gbọ́ láti agbègbè náà. Ìgbà tí ọ̀gbẹ́ni náà ṣe ìlérí pé a kò ní rìn lóru ni ó tó gbà.

Àwa ará Ìkìrun kì í ṣe àjèjì sí òkè. Òkè yí ìlú wa ká, ìtòsí ibẹ̀ ni a sì ti ja ogun Jálumi ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí àwọn tí ń sá fún ọmọ-ogun Ìbàdàn kó sínú odò Ọ̀tìn. Ṣùgbọ́n òkè tí mo lọ wò yìí ju tiwa lọ fíìfíì. Ojú irin tí ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ilọrin ni àwọn bàbá wa ń bá dé Kàdúná, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ wọ òmíràn lọ sí Kafanchan. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni àwa wọ̀. A sùn ní Àbújá, ní ọjọ́ kejì a gba Kéffi kọjá, a sì dé Kwoi kí oòrùn tó wọ̀.

Bí ènìyàn bá dúró ní Kafanchan tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò rí òkè Kagoro bí ògiri gíga tí a mọ dí ojú ọ̀run. Etí ilẹ̀ pẹrẹsẹ gíga ti Jọ́ọ̀sì ni òkè yìí. Jọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ga ju 1,200 mítà lọ sí ojú òkun, òtútù ibẹ̀ nígbà ọyẹ́ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Láti inú àwọn òkè wọ̀nyí ni omi ti ń ṣàn wá sí ẹsẹ̀ wọn, ìdí nìyí tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi dára fún ọ̀gbìn. A sọ fún mi pé ọdún 1927 ni a bẹ̀rẹ̀ sí gbin ata-ilẹ̀ fún títà ní agbègbè yìí. Ọdún náà gan-an ni ọkọ̀ ojú irin láti Port Harcourt bẹ̀rẹ̀ sí gba Kafanchan kọjá, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò yà mí lẹ́nu. Kò jìnnà sí Kwoi ni abúlé Nok wà, níbi tí a ti wú àwọn ère amọ̀ tí ó ti lé ní 2,000 ọdún jáde. Ọ̀kan nínú wọn, tí a rí ní 1943, ni a kọ́kọ́ gbé sórí igi nínú oko iṣu láti máa fi dẹ́rù ba ẹyẹ! Èmi ìbá fẹ́ sọ púpọ̀ sí i nípa èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo bá lọ.

Ìdílé kan náà ni ata-ilẹ̀ àti ataare, èyí tí àwọn òyìnbó ń rà láyé àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe etíkun tí ó di Làìbéríà lónìí. Ṣùgbọ́n èso ataare ni a ń jẹ. Ti ata-ilẹ̀, ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n ń gbìn jùlọ níbẹ̀. Wọ́n ń pe èkíní ní Tafin Giwa, èyí ni àtẹ́lẹsẹ̀ erin, nítorí pé ó tóbi ó sì ki. Èkejì ni Yatsun Biri, ìka ọ̀bọ; ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú díẹ̀, ó sì ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fi ẹnu kan èkejì yìí, omi sì bọ́ lójú mi.

Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ni wọ́n ń gbìn ín, wọn a sì fi koríko gbígbẹ bò ó kí oòrùn má baà jó o. Láti oṣù kọkànlá lọ ni wọ́n ń wà á. Wọn a fọ̀ ọ́, wọn a là á sí méjì ní gígùn, wọn a sì sá a sí oòrùn gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń sá gbodo. Ọyẹ́ a sì bá wọn gbẹ ẹ́. Íńdíà ni ó ń pèsè ata-ilẹ̀ jùlọ ní ayé, Nàìjíríà sì wà nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e.

Wàyí o, ata-ilẹ̀ kì í ní irúgbìn tí a lè fọ́n. Ẹ̀bù ni a ń gé láti ara èyí tí a wà ní ọdún tí ó kọjá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gé ẹ̀bù iṣu. Ibí yìí gan-an ni wàhálà ti wọlé. Ní ọdún 2023 àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ ní oko wọn, ní Kachia, Kagarko, Jaba àti Jema'a. Ìbátan ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu ni ó ń fa àrùn náà. Ewé a kọ́kọ́ di yẹ́lò, bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Bí àgbẹ̀ bá sì wà á wò, yóò bá a pé ó ti jẹrà nínú ilẹ̀. Ẹ̀bù tí ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ le lè gbé àrùn náà láti oko kan dé òmíràn, àrùn a sì dúró sínú ilẹ̀ de ẹni tí yóò tún gbìn síbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní ọdún náà láti gbógun tì í, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oko ti ṣòfò.

Bàbá kan mú wa lọ sí oko rẹ̀. Àgbàdo ni mo bá níbẹ̀. Ó ní, láti ẹnu ọ̀gbẹ́ni wa tí ń túmọ̀ èdè Haúsá fún mi, pé ilẹ̀ náà gbọdọ̀ sinmi lọ́wọ́ ata-ilẹ̀ kí àrùn tó lè kú. Apá ibòmíràn, tí kò gbin ata-ilẹ̀ sí rí, ni ó gbin díẹ̀ sí, lẹ́yìn tí ó rẹ ẹ̀bù sínú oògùn. Mo bi í léèrè pé, níwọ̀n bí ata-ilẹ̀ ti wọ́n báyìí, ṣé kò rí owó? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ẹni tí ó ní ọjà ni ọ̀wọ́n ń ṣe láǹfààní. Ní ọdún tí òun pàdánù oko, ọmọbìnrin òun tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ jókòó sílé, nítorí owó ata-ilẹ̀ ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ti padà báyìí. Mo sọ fún bàbá náà pé iṣẹ́ tí èmi náà ń kọ́ nìyẹn, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo tọrọ ẹ̀bù mẹ́ta péré lọ́wọ́ rẹ̀, kí n lọ gbìn ín sí oko ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó mi orí. Ó ní, “Ọmọ mi, ojú lásán ni mo fi ń wò ó, n kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. N kò ní di àrùn fún ọ gbé lọ sí ilẹ̀ bàbá rẹ.” Ó bu ẹ̀kún ọwọ́ kan nínú èyí tí a ti là tí ó sì ti gbẹ, èyí tí kò lè hù mọ́, ó sì kó o fún mi.

Ìyá mi gba ìdajì rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣì ń kùn, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ ìtàn náà fún wọn báyìí, àwọn mìíràn sì ń dúró gbọ́. Ìdajì yòókù wà nínú ìgò lórí tábìlì ní yàrá ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wò ó lè béèrè lọ́wọ́ mi.