Arélù: Ibi tí agbára inú eré Jímọ̀ Àlíù ti wá

Ẹni tó bá gbọ́njú ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó tàbí Bẹ́yẹrúnkà n'Íbàdàn ní àwọn ọdún 1980 kò ní ṣàì mọ Arélù, eré tẹlifíṣọ̀n Jímọ̀ Àlíù. Ilé tí tẹlifíṣọ̀n bá wà ni gbogbo ọmọ agboolé ń rọ́ lọ. Bí Fádèyí Olóró inú eré náà bá ti la ẹnu pe ọfọ̀, àwọn ọmọdé á sá sẹ́yìn ìyá wọn. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iná àti mànàmáná nígbà náà. Kí ló wá fún eré náà lágbára?

Ìbàdàn ló la ọ̀nà

Ní ọdún 1953, wọn kò gba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láàyè láti fèsì lórí rédíò ìjọba sí ọ̀rọ̀ tí Gómìnà Macpherson sọ sí i. Nígbà tó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ dá tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ n'Íbàdàn. Tẹlifíṣọ̀n náà, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Ibẹ̀ ni àwọn eléré orí ìtàgé gbà dé inú ilé wa: Moses Ọláìyá gbé Aláwàdà wá, Dúró Ládiípọ̀ sì gbé Bódé Wáàsinmi wá. Ojú ọ̀nà yìí ni Jímọ̀ Àlíù tọ̀.

Ọmọ awo, ọmọ ogun

Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n ti bí Bàbá Jímọ̀ Àlíù ní ọdún 1939. Babaláwo ni bàbá wọn, nítorí náà ọfọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ nínú ìwé. Ní 1959, wọ́n bá ẹgbẹ́ eléré Akin Ògúngbè lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ní 1966, wọ́n wọṣẹ́ ológun ní 1967, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 1975 kí wọ́n lè gbájú mọ́ eré. Ẹni tó mọ ilé awo, tó mọ ogun, tó sì mọ orí ìtàgé ló kọ́ àwọn akọni inú Arélù.

Ipa tí àwọn òṣèré kó sì bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀. Òjó Arówóṣafẹ́ ni Fádèyí Olóró. Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú, tó fẹ́ Jímọ̀ Àlíù, ni gbogbo ayé ń pè ní Òrìṣàbùnmi.

Báwo ni èèyàn ṣe ń pòórá?

Ọgbọ́n kámẹ́rà tí wọ́n fi ń mú kí èèyàn pòórá nínú eré ti pẹ́. Georges Méliès ti ń lò ó ní Faransé láti 1896. Ẹni tó fẹ́ pòórá á pe ọfọ̀ rẹ̀ tán, wọ́n á pa kámẹ́rà. Gbogbo àwọn yòókù á dúró gbọin bí wọ́n ṣe wà, ọwọ́ tó nà sókè kò gbọdọ̀ wálẹ̀. Ẹni náà á kúrò lójú ibẹ̀, wọ́n á tún tan kámẹ́rà. Tí ẹnì kan bá mira pẹ́nrẹ́n, àṣírí tú.

Ní Amẹ́ríkà, aṣọ àti ọ̀dà ni wọ́n gbára lé jù. Nínú eré Batman ti 1966, òṣèré Cesar Romero kọ̀ láti fá irunmú rẹ̀, ni wọ́n bá fi àtíkè funfun bò ó. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń kun Lou Ferrigno látòkèdélẹ̀ nínú The Incredible Hulk. Lọ́dọ̀ tiwa, ohùn ni ohun ìjà. Bí ọfọ̀ kò bá dán mọ́rán lẹ́nu òṣèré, kò sí kámẹ́rà tó lè gbà á là.

Ẹ má jẹ́ kó parun

Bàbá Àlíù jáde láyé ní oṣù Kẹsàn-án, 2020, Òrìṣàbùnmi ní oṣù Kìíní, 2021, Fádèyí Olóró ní oṣù Kẹta, 2023. Kò sí ẹni tó lè tún eré náà yà bí wọ́n ṣe yà á. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò pàápàá kì í pẹ́ títí: lẹ́búlẹ́bú irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ló gbé àwòrán dání, ọ̀rinrin a máa jẹ ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, èébú á sì bò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì wà ní yàrá yín, ẹ yọ ọ́ wò. Bó bá ti hu èébú, ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di ti kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣe é nísinsìnyí.