Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Kámẹ́rà Olóye Lójú Òkun

Ẹni tí ó bá ti Igbókọ̀dá wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò rí yóò mọ̀ pé omi ni títì àwọn ará Ìlàjẹ. Lójú òkun tí ó wà níwájú wọn, ọkọ̀ pákó apẹja àti ọkọ̀ ńlá tí ń gbé epo rọ̀bì jọ ń lo ojú omi kan náà. Bí méjèèjì bá forí gbárí lóru, a mọ èyí tí yóò rì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń dènà irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀.

Òfin àgbáyé tí wọ́n ṣe ní ọdún 1972, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977, pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa fi ojú àti etí ṣọ́nà nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ méjì ni ó ti ń ran aṣọ́nà lọ́wọ́. Èkíní ni rédà, tí ń ju ìgbì rédíò síta, tí ìgbì náà sì ń ta padà bí ó bá kan nǹkan. Irin a máa dá a padà dáadáa. Pákó tí ó rẹlẹ̀ láàrin ìgbì omi kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì ni AIS, tí ọkọ̀ fi ń kéde orúkọ rẹ̀, ibi tí ó wà àti ibi tí ó dorí kọ. Ọkọ̀ tí kò bá ní i kò lè kéde ara rẹ̀.

Ibi tí méjèèjì kù sí ni kámẹ́rà olóye ti wúlò. Wọ́n á gbé e sókè lórí ọkọ̀. Ọ̀kan ń wo ohun tí ojú ń rí. Èkejì ń wo ooru, nítorí náà ó ń ríran nínú òkùnkùn, torí pé ẹ́ńjìnnì àti ara ènìyàn gbóná ju omi lọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi àìmọye àwòrán kọ́ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọkọ̀ ni tàbí ìgbì lásán. Bí nǹkan bá wà lọ́nà, yóò figbe ta.

Ṣùgbọ́n kò ṣeé gbọ́kàn lé pátápátá. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Boris Herrmann ará Jámánì, tí ó ń dá ọkọ̀ tù yí ayé ká nínú ìdíje Vendée Globe, kọlu ọkọ̀ apẹja kan nígbà tí ó ku nǹkan bí 90 máìlì òkun kí ó parí. Ó ń sùn lọ́wọ́. Rédà, AIS àti kámẹ́rà yìí wà lọ́kọ̀ rẹ̀. Ó ní kò sí èyí tí ó jí òun. Òkun tiwa sì lọ́wọ́ọ́wọ́, nítorí náà ìyàtọ̀ ooru omi àti ti ara ènìyàn kéré ju ti òkun tútù lọ. Òjò líle àti iyọ̀ tí ó bá gbẹ mọ́ ojú kámẹ́rà náà a máa dí i lójú.

Kí wá ni apẹja yóò ṣe? Kí ó jẹ́ kí wọ́n rí òun. Òfin 1972 kan náà sọ pé ẹni tí ń fi àjẹ̀ tukọ̀, bí kò bá tan iná ọkọ̀, gbọ́dọ̀ ní tọ́ọ̀ṣì tàbí fìtílà onímọ̀ọ́lẹ̀ funfun nítòsí, kí ó tàn án kí ewu tó dé tòsí. Ìmọ́lẹ̀ yẹn yóò ran ojú ènìyàn àti kámẹ́rà lọ́wọ́. Kí ọ̀gá ọkọ̀ ńlá náà má sì torí ẹ̀rọ sùn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kámẹ́rà jẹ́ ojú kan sí i, kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èyí tí a ti ní.